Kòkòrò àti àrùn lára tòmátì ẹ̀yìnkùlé: èwo nínú àwọn ọ̀nà tó wà ní Òṣogbo ni kí ẹ mú?

Tòmátì kì í ṣòro gbìn. Ẹ da tòmátì ọjà tó ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, yóò hù fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ń dogun ni láti ìgbà tó bá ti ń yọ òdòdó títí di ọjọ́ tí ẹ óò ká a, nítorí gbogbo ohun tó ń fò, tó ń rákò, tó sì ń gbé inú ilẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bi aládùúgbò léèrè, á ní kí ẹ da eérú sí i. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ̀yìn tì sí Òkè-Báálẹ̀, á ní dógóńyárò ni bàbá gbogbo wọn. Ẹ dé Ọjà Ọba, ẹni tó ń ta oògùn oko á ti na ìgò kan sí yín kí ẹ tó ṣàlàyé tán.

Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ohun tí wọn kò sọ ni pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ìṣòro tó mọ̀ ọ́n yanjú, ó sì ní èyí tí apá rẹ̀ kò ká. Ìfiwéra yìí wà fún ẹni tó ní igi tòmátì bíi mẹ́ta sí ogún nílé, nínú ilẹ̀ tàbí nínú garawa. Àgbẹ̀ tó ní éékà ilẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́, ṣé ọ̀nà náà bá ohun tó ń ṣe igi yín mu? Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ń fò dá. Èkejì ni owó, àti bóyá ẹ lè rí i rà láìwọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta, ṣé ó ṣeé gbára lé, pàápàá tí òjò bá rọ̀ lé e lórí? Ẹ̀kẹrin ni ewu rẹ̀ fún ọmọdé, fún adìẹ àti fún ẹni tí yóò jẹ tòmátì náà. Ẹ̀karùn-ún ni wàhálà: ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí, tó ń padà dé lálẹ́, kò lè ṣe ohun tí màmá tó wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lè ṣe.

Kí ló ń ṣe é gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí owó tí mo rí tí àwọn ènìyàn ń fi ṣòfò jù lórí tòmátì, oògùn kòkòrò ni wọ́n fi ń rà fún igi tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn.

Ẹ kọ́kọ́ yí ewé padà, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá fọwọ́ gbọn igi náà tí nǹkan funfun wínníwínní fò sókè, eṣinṣin funfun nìyẹn. Tí ẹ bá rí àwọn kékeré aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí wọ́n kó jọ sí ọ̀mùnú igi, tí èèrà ń lọ tó ń bọ̀ lára wọn, irú kòkòrò tó ń fa omi ara igi mu náà ni. Nígbà ọyẹ́, ewé lè máa ní àmì tótòtó, kó gbẹ, kí òwú aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀: èyí jẹ́ àwọn kòkòrò pupa kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Tata kò nílò àlàyé, ẹ̀yin náà á rí i níbi tó jókòó sí.

Èyí tó burú jù nínú àwọn ajẹwé ni Tuta absoluta, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Ebola tòmátì. Òun ló mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì ní 2016, tí owó apẹ̀rẹ̀ kan fi fò sókè. Ẹ já ewé tó ní àbààwọ́n funfun tó fẹ̀, ẹ gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá. Tí ẹ bá rí ìdin kékeré láàrin awọ ewé náà, àti ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tó kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun ni. Nítorí pé inú ewé ló ń gbé, ohun tí ẹ bá kàn fín sí òde kì í sábà bá a.

Àbààwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní òrùka nínú òrùka, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé ìsàlẹ̀ tó ń gòkè bọ̀, fúńgọ́ọ̀sì ló fà á. Ó wọ́pọ̀ nígbà òjò, nígbà tí ewé kì í gbẹ dáadáa, tí òjò sì ń ta ẹrọ̀fọ̀ sí ara igi. Oògùn kòkòrò kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà ni igi tó rọ. Igi tó dúdú minimini láàárọ̀, tó rọ lọ́sàn-án, tó jí padà lálẹ́, tó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ láìjẹ́ pé ewé rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, ẹ gé ìtì rẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ sínú ife tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ mú ojú ibi tí ẹ gé kan omi náà, kí ẹ má mì ín. Láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, tí nǹkan funfun bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọgbẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí omidùn ògì, bakitéríà inú ilẹ̀ ni, Ralstonia ni orúkọ rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wo igi tó ti mú un sàn, kò sí ní Òṣogbo, kò sí níbòmíràn. Tí nǹkan funfun kò bá jáde, ṣùgbọ́n tí ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́lẹ̀, tí inú ìtì sì ti di aláwọ̀ kọfí, Fusarium ni, fúńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀. Tí igi kàn ń ṣe ọ̀lẹ tí kò dàgbà, ẹ fà á tu kí ẹ wo gbòǹgbò: kókó wúruwùru lára rẹ̀ túmọ̀ sí aràn gbòǹgbò, ohun kékeré tí ojú lásán kò lè rí.

Fáírọ́ọ̀sì ni ìkẹyìn. Ewé orí igi á kéré, á ká sókè, etí rẹ̀ á pọ́n, igi kò ní ga mọ́, òdòdó á máa já sílẹ̀. Eṣinṣin funfun ló ń gbé e láti igi kan sí òmíràn. Igi tó ti kó o, ó ti kó o nìyẹn.

Ìdí èso tó dúdú tó sì rì wọnú kì í ṣe àrùn. Omi tí ẹ ń bu rin ín ni kò ṣe déédéé, tí kálísíọ́ọ̀mù kò fi dé ìdí èso. Ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, èyí tó bá so lẹ́yìn náà á dára. Èèpo ẹyin tí gbogbo ènìyàn ń lọ̀ sí i kò lè pa á lára, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ púpọ̀ kó tó jẹrà.

Ọwọ́ àti ojú

Èyí ni mo fi síwájú gbogbo wọn fún ẹni tí igi rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ máa yẹ igi wò láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí ara tata máa ń wúwo nígbà tí ìrì ṣì wà, ó rọrùn láti mú. Ẹ já ewé tí ìdin Tuta wà nínú rẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì fi sínú oòrùn. Ẹ má jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ìdin náà á jáde wọnú ilẹ̀, á di àfòpiná, á padà wá. Ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ tó ń kan ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá gbé igi dúró, kí atẹ́gùn lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìdí igi ni kí ẹ máa bomi sí, kì í ṣe orí ewé, kó sì jẹ́ àárọ̀.

Gbogbo èyí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n fún àbààwọ́n ewé nígbà òjò, gígé ewé ìsàlẹ̀ àti bíbo ìdí igi lè ṣe ju ìgò oògùn kan lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó fẹ́ kí ènìyàn wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rìnrìn àjò fún ọ̀sẹ̀ méjì á padà bá ìtàn mìíràn. Kò sì lè ṣe nǹkan kan fún eṣinṣin funfun, ta ni yóò fọwọ́ mú ìyẹn?

Eérú

Eérú igi gbígbẹ, tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n sí ewé tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, máa ń dí àwọn kòkòrò kan lọ́wọ́ jíjẹ. Òjò kan péré ló máa fọ̀ ọ́ lọ. Nígbà òjò, iṣẹ́ àṣedànù ni. Nígbà ẹ̀rùn, ó wúlò fún tata kéékèèké àti fún ìdin tó ń gé ọ̀gbìn kéékèèké ní ìdí lálẹ́, ìyẹn tí ẹ bá bù ú yí ìdí ọ̀gbìn ká. Ẹ má sọ ìdí tòmátì di ààrò o. Eérú tó pọ̀ jù ń ba ilẹ̀ jẹ́. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbé gbogbo ọkàn lé e.

Ọṣẹ

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ọṣẹ apakòkòrò tí wọ́n ń tà ní ìlú òkèèrè fún ọgbà ilé, ọṣẹ tí wọ́n fi òróró àti pọ́táṣì ṣe ni. Eérú èèpo kòkó àti eérú ọ̀pẹ tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, pọ́táṣì yìí kan náà ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọṣẹ dúdú gidi, èyí tí wọn kò pò mọ́ oyin, mọ́ àgbo tàbí mọ́ lọ́fínńdà, ti sún mọ́ ohun tí wọ́n ń tà lówó gọbọi níbòmíràn.

Ẹ po ṣíbí tíì méjì mọ́ lítà omi kan. Ẹ lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè yọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tí a fi ń fín omi sí irun. Ẹ kọ́kọ́ fín in sí ewé méjì péré, kí ẹ dúró di ọ̀túnla. Tí ewé náà kò bá jóná, ẹ lè fín ìyókù. Ó ṣe pàtàkì nítorí ọṣẹ dúdú kò rí bákan náà. Òmíràn le ju òmíràn lọ. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ń jó ewé, ẹ jìnnà sí i.

Ó dára fún àwọn kòkòrò tí ara wọn rọ̀: eṣinṣin funfun, àwọn tó kó jọ sí ọ̀mùnú, àti àwọn pupa ìgbà ọyẹ́. Ó ń pa èyí tí ó bá kàn nígbà tó ṣì tutù. Tó bá ti gbẹ, agbára rẹ̀ ti tán. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dojú ike náà kọ abẹ́ ewé láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, nítorí ẹyin tó wà níbẹ̀ kò kú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa ṣe é. Kò ní ewu fún ọmọ tàbí adìẹ, ẹ sì lè ká tòmátì lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ṣáà fọ̀ ọ́. Kò ṣe nǹkan kan fún Tuta inú ewé, kò ṣe nǹkan kan fún àrùn.

Dógóńyárò

Igi yìí pọ̀ ní àyíká ilé àti ọgbà ilé-ìwé, ẹlẹ́wé ọmọ á sì fún yín ní ewé rẹ̀. Ewé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ nítorí ibà, ṣùgbọ́n fún kòkòrò, inú kóró èso rẹ̀ ni agbára náà pọ̀ sí jù. Nígbà tí èso rẹ̀ bá pọ́n tó ń já sílẹ̀, ẹ ṣà á, ẹ fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti ràn án tààrà títí yóò fi gbẹ. Ẹ pa á, ẹ gún ohun tó wà nínú rẹ̀. Nǹkan bíi 50 giráàmù sínú lítà omi kan, kó sùn nínú omi náà di ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ dáadáa, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Tó bá jẹ́ ewé tútù nìkan lẹ rí, ẹ gún kílò kan sínú lítà omi márùn-ún, kó sùn bákan náà. Kò le tó ti kóró, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má rò pé ẹ óò rí òkú kòkòrò lọ́jọ́ kejì. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí oúnjẹ kú lẹ́nu wọn, kí wọ́n má sì lè bọ́ awọ dàgbà. Ẹni tó bá fín in lẹ́ẹ̀kan tó ní kò ṣiṣẹ́ kò fún un láyè. Ẹ máa tún un fín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn ń ba agbára rẹ̀ jẹ́ kíákíá. Èyí tí ẹ bá pò, ẹ lò ó tán. Kò ṣeé tọ́jú pamọ́, ẹ má sì rọ ọ́ sínú ike omi tí ẹnì kan lè gbé mu.

Nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe nílé, òun nìkan ni mo lè sọ pé ó ń dín ìdin Tuta kù, tí ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdin ṣì kéré. Ó tún lágbára lórí tata àti eṣinṣin funfun. Wàhálà rẹ̀ ló pọ̀: ṣíṣà, gígún, sísẹ́, tí ike ìfín á tún máa dí nítorí pàǹtí. Ní ti owó, tí ẹ bá ní igi rẹ̀ nítòsí, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn kan ń po ata rodo àti áàyù. Ó lè lé kòkòrò fún ọjọ́ kan méjì, lẹ́yìn náà ojú àti imú ẹni tó ń fín in á ròyìn. Omi tábà ni kí ẹ má dán wò rárá: májèlé ni fún ẹni tó ń pò ó, ewé tábà sì lè gbé fáírọ́ọ̀sì wá bá tòmátì. Ẹni tó ń mu sìgá pàápàá, kó fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan igi.

Àwọ̀n, àti ike yẹ́lò

Àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ tí ẹ bá nà sórí ọ̀pá mẹ́rin á dá tata, adìẹ, alángbá àti àfòpiná Tuta dúró. Tòmátì kò nílò kí oyin wá bá a kó tó so, ẹ kàn máa gbọn ìdì òdòdó díẹ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: ihò àwọ̀n ẹ̀fọn tóbi ju eṣinṣin funfun lọ, yóò gbà á kọjá. Ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ń dà láàmú nílò àwọ̀n kòkòrò tó dí gan-an, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun tí a ń rí ní gbogbo ìsọ̀. Ìbòòji tó pọ̀ jù lábẹ́ àwọ̀n tún ń dín èso kù.

Ike yẹ́lò kò wọ́n. Ẹ gé ike yẹ́lò tó fẹjú, ẹ fi gírísì pa á, ẹ gbé e kọ́ ní ìwọ̀n gíga orí igi. Àwọ̀ yẹ́lò ń pe eṣinṣin funfun, á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Kò lè pa gbogbo wọn tán, ṣùgbọ́n ẹ óò tètè mọ̀ nígbà tí wọ́n bá dé, ìyẹn nìkan tó ìdí láti gbé e kọ́.

Oògùn inú ìgò

Ó yá jù, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù, tó bá jẹ́ pé òun ló yẹ. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ láti kà lára ìgò ni orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ńlá tí wọ́n fi ń polówó. Cypermethrin àti lambda-cyhalothrin ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n dára fún tata àti àwọn ajẹwé orí ewé, ṣùgbọ́n Tuta ti mọwọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì ń pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ ọ̀tá wa. Ẹ fín wọn léraléra nígbà ẹ̀rùn, àwọn pupa abẹ́ ewé á wá gbilẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Fún Tuta, emamectin benzoate tàbí abamectin ni kí ẹ bèèrè, nítorí wọ́n ń wọ inú awọ ewé lọ bá ìdin. Imidacloprid ń ṣiṣẹ́ fún eṣinṣin funfun. Fún àbààwọ́n olórùka, mancozeb ni. Ó ń dáàbò bo ewé tí àrùn kò tíì mú, kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn, nítorí náà ẹ má dúró di ìgbà tí ìdajì igi bá ti gbẹ. Tó bá di dandan láti fín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ pààrọ̀ oògùn, kí kòkòrò má baà mọwọ́ rẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ ní ìsọ̀:

“Màmá, ẹ bá mi wá oògùn tòmátì.”

“Ti kòkòrò àbí ti ewé?”

Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, kó kọ́kọ́ padà sílé lọ wo abẹ́ ewé. Tí ẹ bá lè gbé ewé tó ń ṣàìsàn dání nínú ọ̀rá, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni ibi tí àwa tí a ní igi díẹ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Páńpù àgbẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìwọ̀n sára ìgò, lítà 16 tàbí 20. Tí wọ́n bá ní 40 mílílítà sí lítà 20, mílílítà méjì péré ni ti lítà kan. Ẹ ra síríńjì, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ideri ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ má fín in nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dúró kí ẹ tó ká èso. Tí wọ́n bá kọ ọjọ́ méje, tòmátì tó pọ́n lọ́jọ́ kẹta kò ṣeé fi se ọbẹ̀.

Ọ̀tapíàpíà tí kò ní orúkọ lára, àti dichlorvos tí a fi ń pa aáyán, kò yẹ lórí ohun jíjẹ rárá. NAFDAC fòfin de títa ìgò dichlorvos kékeré, 100 mílílítà sísàlẹ̀, ní àwọn ìsọ̀ ní 2019 nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá rà. Owó ìgò kan lè ju iye tòmátì tí igi márùn-ún yóò so lọ, ìyókù á sì wà nílé fún ọdún méjì níbi tí ọmọ lè dé. Fún èmi o, ìdí yìí nìkan tó láti fi í sí ìkẹyìn.

Garawa, àti irúgbìn tó ní àmì

Tí omi ife yẹn bá ti fi hàn pé bakitéríà inú ilẹ̀ ni, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni láti kúrò nínú ilẹ̀ náà. Garawa ọ̀dà lítà 20 tí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, tàbí àpò ìrẹsì tó ṣì lágbára, igi kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ ti bu iyẹ̀pẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ má bù ú láti ibi tí tòmátì, ata, ìgbá, tábà tàbí ẹ̀fọ́ ọ̀dú ti wà rí, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n. Ibi tí àgbàdo wà tẹ́lẹ̀ dára jù. Ilá àti ṣọkọ yòkòtò ń gba aràn gbòǹgbò lálejò, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ẹbí tòmátì.

Ẹni tó fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe lè bomi rin ín, kó fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó mọ́lẹ̀ nígbà ẹ̀rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ooru á dín aràn àti fúńgọ́ọ̀sì kù. Fún bakitéríà, mi ò ní fọwọ́ sọ̀yà.

Lára páálí irúgbìn, àwọn lẹ́tà kan wà lẹ́yìn orúkọ, tó ń sọ àrùn tí irúgbìn náà lè dúró tì. F dúró fún Fusarium, V fún Verticillium (fúńgọ́ọ̀sì inú ilẹ̀ mìíràn), N fún aràn gbòǹgbò, TYLCV fún fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé. Roma VF tó wọ́pọ̀ lọ́jà ní ohun ìjà fún àwọn méjì àkọ́kọ́, kò ní fún bakitéríà. Irúgbìn alágbára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ́n, ẹ kò sì lè tọ́jú kóró rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ kó rí bákan náà. Ṣùgbọ́n òun ni wàhálà rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà: ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbìn ín, ó ń jà fúnra rẹ̀. NIHORT ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso láti 1975, tọ́ láti kàn sí lórí irú èyí tó bá ilẹ̀ Yorùbá mu.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó háyà ilé, tó ní garawa mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn fèrèsé: ọwọ́ àti ọṣẹ ti tó. Ẹ má ra ìgò.

Ilé tí ọmọ kékeré tàbí adìẹ tó ń jẹ̀ káàkiri bá wà: bákan náà ni, ẹ fi dógóńyárò àti àwọ̀n ẹ̀fọn kún un.

Ẹni tó gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí igi rẹ̀ tó mẹ́wàá sí ogún nínú ilẹ̀: ọ̀pá, koríko gbígbẹ ní ìdí igi, gígé ewé ìsàlẹ̀. Tí òrùka bá yọ lórí ewé tí òjò kò sì dáwọ́ dúró, mancozeb ní ìwọ̀n tó yẹ, àbí kí ẹ gbà pé èso á dín.

Ẹni tó gbìn sí etí kànga nígbà ọyẹ́: ike yẹ́lò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọṣẹ àti dógóńyárò ní ọ̀sẹ̀ síra wọn, àti irúgbìn tó ní TYLCV lára tí ẹ bá rí i.

Tuta tó ti wọ ewé púpọ̀: já èyí tó bàjẹ́ kúrò, emamectin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà sórí dógóńyárò. Tó bá ti wọ inú èso, ẹ ká gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹ má pẹ́.

Òṣìṣẹ́ tí kò ráyè yẹ igi wò ju ọjọ́ Sátidé lọ: ẹ náwó sí irúgbìn tó ní àmì àti iyẹ̀pẹ̀ tuntun. Ọṣẹ tí ẹ óò máa gbàgbé kò lè ran yín lọ́wọ́.

Igi tó ti rọ, tí omi ife ti jẹ́rìí sí: ẹ fà á tu pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má da iyẹ̀pẹ̀ náà sínú ààtàn tí ẹ ó bu lo, ẹ fọ ọkọ́ kí ẹ tó lò ó lórí òmíràn, kí ẹ fi àgbàdo rọ́pò rẹ̀ nínú ilẹ̀ náà.

Igi tí fáírọ́ọ̀sì ti ká ewé rẹ̀: kò sí ohun tí ẹ lè fín sí i. Ẹ fi ọ̀rá bò ó látòkè kí ẹ tó fà á tu, kí eṣinṣin ara rẹ̀ má baà ṣí lọ sórí àwọn tó kù.